Kòkòrò Alárán ní Ẹ̀yìnkùlé Hassanat

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni Hassanat fi ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní ọjà Sabon Gari, ní Zaria. Bí télọ̀ kan bá ń wá òwú tí àwọ̀ rẹ̀ yóò bá aṣọ mu régí, ìsọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń júwe fún un. Yóò gba aṣọ náà, yóò gbé e síta sójú oòrùn, yóò wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, yóò sì fa òwú kan yọ láàárín igba. Kì í ṣì í. Àwọn Hausa tó ń bá a ra ọjà a máa sọ pé idon mikiya ni Hajiya ní, ojú ẹyẹ idì.

Ọmọ Ìlọrin ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Sabon Gari ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ló ti ké kéwú, ibẹ̀ ló ti kọ́ òwò lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni Abdulazeez ti rí i tó ní òun fẹ́ ẹ. Olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ni Abdulazeez ní Chikaji nígbà náà, ọkùnrin tí kì í fẹ́ kí páálí kan yọ orí jáde ju èkejì lọ. Oríkì ló fi ń pe ìyàwó rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní: Àṣàkẹ́. Òun náà ń pè é ní Alhaji, kódà kó tó lọ sí Mẹ́kà. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Wọ́n kọ́ ilé sí Hayin Dogo ní Samaru, nítòsí yunifásítì, wọ́n sì ń fi yàrá iwájú gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé.

Nígbà tí Hassanat lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ojú idì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń fọwọ́ tọ́ àwọn òwú wò, ó ń fi ibi tó tò wọ́n sí dá wọn mọ̀, ó sì ń bá òwò rẹ̀ lọ. Àfi ìgbà tí télọ̀ kan gbé ríìgá funfun kan, agbádá àwọn Hausa, padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Òwú aláwọ̀ mílíìkì ni ọkùnrin náà ti fi ṣe iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ látòkèdélẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, nínú yàrá tí iná ò sí. Ọwọ́ Hassanat ló ti gba òwú náà gẹ́gẹ́ bí òwú funfun. Kò bá a jiyàn. Ó bẹ̀ ẹ́, ó kó òwú mìíràn fún un, ó wá jókòó sẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀, ó sunkún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló jẹ́wọ́ fún ọkọ rẹ̀ pé ó ti tó ọdún méjì tí òun ti rí ojú ènìyàn gbẹ̀yìn dáadáa.

Awọ funfun kan ló ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún nígbà ọyẹ́, wọ́n ṣe ti òsì lóṣù méjì lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì kejì, dókítà tẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní, “Màmá, kí lẹ rí?”

Hassanat wò ó fínnífínní. Ó ní, “Dókítà, irun imú yín ti gùn.”

Abdulazeez fọwọ́ bo ẹnu. “Astagfirulai! Àṣàkẹ́!” Ṣùgbọ́n dókítà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú.

Báyìí lojú ṣe là. Ṣùgbọ́n Bàlíkísù, àkọ́bí rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Ìlọrin, takú pé kí ìyá òun má padà sí ọjà mọ́. Ó ní eruku ọjà ò dára fójú tuntun, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn ọmọ yòókù gbè é lẹ́sẹ̀. Hassanat fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún obìnrin kan tí wọ́n ti jọ ń tà á tipẹ́, ó jókòó sílé. Ó wá di pé ojú ń bẹ, kò sí ohun tí yóò fi wò. Ó ka gbogbo ihò tó wà lára nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. Ó rí ìdọ̀tí lára ògiri tó ti rò pé ó mọ́ láti ọdún mẹ́fà. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó ti darúgbó, ọkọ rẹ̀ ní òun mọ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Hassanat gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti já ilá. Ẹ̀yìnkùlé náà kò tóbi: ilá, yákùwà tí àwọn ará Ìlọrin ń pè ní ìṣápá, igi zogale kan tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀, àti gúáfà kan tí kì í so dáadáa. Ó bá Adéìfẹ́, ọmọbìnrin tó ń gbé yàrá iwájú, tó lóṣòó sídìí ilá bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́ sọnù. Ọmọ Èkìtì ni Adéìfẹ́. Ìmọ̀ kòkòrò ló ń kà ní yunifásítì, ó sì ń ṣe ìwádìí lórí àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà lóko.

“Kí lò ń wá, ọmọ mi?”

“Ẹ káàárọ̀ mà. N ò wá nǹkan kan, mà. Fọ́tò ni mò ń yà.”

“Fọ́tò kí ni?”

Adéìfẹ́ na fóònù rẹ̀ sí i. Awò kékeré kan, tí kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, ni ó há mọ́ ojú kámẹ́rà rẹ̀. Hassanat tẹjú mọ́ fóònù náà. Èèrà kan dúró lórí ewé ilá. Ẹ̀kán omi kan wà níwájú rẹ̀, ó ti ẹnu bọ̀ ọ́, ó ń mu. Nínú ẹ̀kán omi ọ̀hún, odi ilé wà níbẹ̀, igi zogale wà níbẹ̀, ojú ọ̀run náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn dorí kodò. Irun wà lẹ́sẹ̀ èèrà náà. Hassanat lè ka irun náà níkọ̀ọ̀kan.

Ó fa fóònù náà súnmọ́ ojú. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ṣé bó ṣe ń ṣe nìyí láti gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń já ilá níbí?”

“Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, mà.”

Awò méjì ni Adéìfẹ́ ní. Ó fún un ní ọ̀kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, Hassanat ò yà nǹkan tó dára. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú fọ́tò. Bí kì í bá ṣe àtàǹpàkò, a jẹ́ òjìji fóònù fúnra rẹ̀, tàbí ewé lásán tí kòkòrò ti fò kúrò lórí rẹ̀. Adéìfẹ́ kọ́ ọ pé kì í ṣe kámẹ́rà ni yóò fa kòkòrò mọ́ra. Òun ni yóò sún fóònù lọ bá a, díẹ̀díẹ̀, títí àlàfo àárín wọn kò fi ní ju oríkèé ìka kan lọ.

“Lẹ́yìn òjò ni kí ẹ máa jáde, mà. Òtútù á ti mú wọn, ìyẹ́ wọn á ti tutù, wọn ò ní lè tètè sá. Tóòrùn bá ti mú, ó tán.”

Sùúrù kì í ṣe ohun tí Hassanat yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́. Ẹni tó bá ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n dúró de télọ̀ tó ń ṣiyèméjì láàárín búlúù mẹ́rin, yóò lè dúró de tata kan tó ń nu ojú. Ó kọ́ bí a ti ń séèémí. Ó ń da korobá dé, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ lé e kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n. Nígbà tí korobá ga jù, ó tẹ́ àpò ìrẹsì òfìfo sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lé e, obìnrin arúgbó pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó yà lámilámi tí ìyẹ́ rẹ̀ kún fún omi bí gíláàsì fèrèsé. Ó yà agbọ́n kan tó ń fi ẹnu gbé omi jáde nínú ilé rẹ̀, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn. Ó yà kòkòrò ewéko kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ tí òun alára, ẹni tó ti ta òwú tó bẹ́ẹ̀, kò lè dárúkọ.

Ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ẹbí. Mujeebat, àbúrò rẹ̀ ní Ìlọrin, dá a lóhùn lọ́jọ́ kẹrin, ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù bí ẹni ń pariwo láti òdìkejì títì: “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí nǹkan? Gbogbo wa ń fi fọ́tò ọmọ-ọmọ ránṣẹ́, ẹ̀yin ń fi kantíkantí ránṣẹ́!”

Abdulazeez náà ò lóye rẹ̀. Ó máa ń dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn, ife tíì lọ́wọ́, ó ń wo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ méjì tó yọ síta lábẹ́ igi ilá. “Àṣàkẹ́, ṣé nítorí èyí la ṣe gbé ojú rẹ lọ sílé ìwòsàn?”

“Nítorí rẹ̀ ni, Alhaji.”

“Ó dáa o.”

Abdulazeez ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́kàn nípa ẹ̀yìnkùlé náà. Òjò ọdún tó kọjá ti gbá erùpẹ̀ ìdí odi ẹ̀yìn lọ, omi ń dúró síbẹ̀, odi sì ti sán láti ìsàlẹ̀ dókè. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò sí ohun tó ń bà á lọ́kàn jẹ́ tó ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Ó pinnu pé òun yóò da sìmẹ́ńtì sí ẹ̀yìnkùlé láti ògiri dé ògiri, kó mọ́ roro, kí omi máa ṣàn jáde, kí ejò má rí ibi fara pamọ́ sí. Ó ti bá Bashir sọ̀rọ̀, bíríkìlà kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi àdéhùn sí.

Nígbà tó sọ fún un, Hassanat bojú wo odi náà. Odi ń ya lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ojú tuntun rí i pé ó ti fẹ̀ sí i. Ó ní, “Kí Ọlọ́run jẹ́ kó rọrùn,” ó sì bọ́ sí ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n ó bó àlùbọ́sà mẹ́rin níbi tí ẹyọ kan ti tó.

Ọjọ́rú tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn, òjò rọ̀ láti ìgbà ìrun Áṣárì títí dé Màǹgàríbà. Òjò ńlá ni, èyí tó ń dún lórí páànù bí ìgbà tí wọ́n ń da àgbàdo sílẹ̀. Àdúgbò Hayin Dogo kún fómi. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, tí Hassanat kírun Àsùbáà tán, ó ní kí òun lọ wo ẹ̀yìnkùlé náà fún ìgbà ìkẹyìn. Ilẹ̀ ti mọ́. Ó ṣí ìlẹ̀kùn.

Ohun pupa kéékèèké wà káàkiri ilẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ ẹnìkan ló já. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ ṣà wọ́n. Ìlẹ̀kẹ̀ náà rìn.

Kòkòrò ni wọ́n. Kò sí èyí tó ju hóró ẹ̀wà lọ, wọ́n pupa yòò, ara wọn sì nípọn, ó jọ̀lọ̀, bí aṣọ àrán tí àwọn ìyàwó alájé máa ń wọ̀ nígbà èwe rẹ̀. Wọ́n ju ogójì lọ. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ tútù, bí ẹni tí kò ní ibi tó ń kánjú lọ. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló ti ń gbé ilé yìí, kò rí irú rẹ̀ rí. Tàbí ó rí i, kò wò ó.

Ó sáré mú fóònù, ó há awò mọ́ ọn, ó ju àpò ìrẹsì sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Ó ṣòro ju ti tata lọ, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ò dúró sójú kan. Ó wá rí i pé bí òun bá gbé fóònù síwájú tí ọ̀kan ń bọ̀, tí òun séèémí, yóò rìn wọnú ibi tó mọ́ kedere fúnra rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò mira, àgbọ̀n rẹ̀ kan ilẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì nà síwájú.

Báyìí ni Bashir ṣe bá a. Ó gba ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, ṣọ́bìrì léjìká, ó rí obìnrin arúgbó tó dojú bo ilẹ̀ tí kò mira. Ó ju ṣọ́bìrì dànù, ó ń ké pé Hajiya ti ṣubú. “Wayyo Allah! Hajiya ta faɗi! Alhaji!”

Aládùúgbò méjì yọ orí lójú odi. Adéìfẹ́ sáré jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Abdulazeez já jáde nínú ilé, apá jalabíyà kan lọ́rùn, èkejì ń wọ́lẹ̀, ó ń ké, “Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́ mi!”

Láìgbé orí sókè ni Hassanat ti dáhùn. “Alhaji, ẹ dúró síbẹ̀! Ẹ má tẹ̀ wọ́n o!”

Abdulazeez dúró lórí ẹsẹ̀ kan. “O ò tíì kú?”

“Ta ló ní mo kú? Ẹ wo ilẹ̀!”

Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Bashir ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó lóṣòó, ó fi ìka kan dí ọ̀kan lọ́nà, kòkòrò náà ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, ó di róbótó. “Tun ina yaro rabona da ganinsu,” ló ní. Láti kékeré ni òun ti rí wọn gbẹ̀yìn, ní abúlé bàbá òun. Wọ́n máa ń kó wọn sínú páálí ìṣáná nígbà náà, wọ́n máa ń gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́ ara wọn. Ó ti rò pé wọ́n ti tán láyé.

Adéìfẹ́ tu ọṣẹ ẹnu rẹ̀ dànù. Ó ní wọn ò tán. Ó ní inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, láti ọdún dé ọdún, àfi tí irú òjò àná yìí bá rọ̀. Wọ́n á jáde ní wákàtí mélòó kan, wọ́n á jẹun, wọ́n á wá ẹnìkejì wọn, tó bá wá di ọ̀sán, wọ́n á padà sísàlẹ̀.

Hassanat dìde jókòó. Ẹrẹ̀ wà ní iwájú orí rẹ̀ bí ẹni tó fi kírun nínú oko. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Tí a bá wá da sìmẹ́ńtì bò wọ́n, ibo ni wọ́n á gbà jáde?”

Abdulazeez wọ apá jalabíyà kejì. Ó wo odi.

“Odi ń ya, Àṣàkẹ́.”

“Mo rí i, Alhaji. Mi ò sọ pé kò ya.”

Abdulazeez tún wo ilẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Kòkòrò ṣá ni. Ẹsẹ̀ mẹ́fà bíi gbogbo kòkòrò.”

“Mẹ́jọ ni.”

“Mẹ́fà ni gbogbo kòkòrò ń ní.”

Hassanat na fóònù sí i. Abdulazeez gbé e súnmọ́ ojú, ó tún sún un jìnnà díẹ̀, ó ka ẹsẹ̀ náà. Ó tún un kà, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń tún ẹrù kà ní Chikaji kó tó jẹ́ kí ọkọ̀ jáde. “Mẹ́jọ ni,” ló ní, ó yà á lẹ́nu.

“Ẹbí aláǹtakùn ni wọ́n, sà,” ni Adéìfẹ́ wí. “Ìdí nìyẹn.”

Abdulazeez ò dá fóònù náà padà kíákíá. Ó fi ìka sún fọ́tò náà, ó wo irun pupa tó bo kòkòrò náà látorí dẹ́sẹ̀, àti iyanrìn tó ń gùn, tó tóbi lójú fọ́tò bí òkè Kufena. “Àrán ni lóòótọ́,” ló ń wí fún ara rẹ̀.

Bashir ló mú àbá wá. Ó ní tó bá jẹ́ pé odi ni wàhálà, kò pọn dandan kí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí gbogbo ilẹ̀. Kí òun wa gọ́tà kan sídìí odi, kí omi gba ibẹ̀ lọ sójú títì, kí òun sì da sìmẹ́ńtì sí etí rẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì. Kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Abdulazeez ronú lọ títí. Hassanat mọ̀ pé ilẹ̀ títẹ́jú yẹn ló ń dárò, ilẹ̀ tó ti ń lálàá rẹ̀ láti ọdún kan. Kò bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn, Abdulazeez wọlé lọ, ó gbé okùn àti èèkàn méjì jáde.

“Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí gọ́tà náà gún,” ló wí.

Gọ́tà náà gún. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí Hassanat ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kòkòrò tó gbẹ̀yìn ti wọlẹ̀ lọ. Ó jókòó tì wọ́n lórí àpótí, ó ń ka àwọn kòkòrò náà bí wọ́n ṣe ń lọ, Bashir àti ọkọ rẹ̀ jókòó, wọ́n ń mu kunu, wọ́n ń dúró dè é, wọn ò sì ráhùn púpọ̀. Igi ilá mẹ́ta bá iṣẹ́ náà lọ. Ìyẹn dùn ún, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́.

Nínú fọ́tò tó lé ní ọgọ́ta tó yà láàárọ̀ náà, méjì péré ló mọ́. Adéìfẹ́ tẹ ọ̀kan síta ní ńlá, ó sì gba àyè kí wọ́n fi í kọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí òun ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Hassanat Abdulazeez, Hayin Dogo, ló yà á. Nígbà tí Hassanat lọ wò ó, ó wọ léèsì tó fi ṣe ìkómọ ọmọ Bàlíkísù, ó wọ kẹ̀kẹ́ dé ẹnu géètì. Ó dúró síwájú fọ́tò náà, ó fa ọwọ́ báàgì rẹ̀ mọ́ra. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá. Ọmọbìnrin kan dúró, ó bi í ní èdè Hausa pé kí ni nǹkan pupa yìí, Hajiya? Hassanat ṣàlàyé fún un: ibi tó ń gbé, ìgbà tó ń jáde, iye ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ́. Ọmọ náà dúpẹ́, ó ń lọ. Hassanat gbà á láàyè kó rìn díẹ̀, kó tó pè é padà.

“Ni na ɗauka,” ló ní, ó fọwọ́ lu àyà. Èmi ni mo yà á.

Mujeebat gbọ́ nípa rẹ̀ ní Ìlọrin kí ọjọ́ náà tó ṣú. Ó fi ohùn ránṣẹ́ pé kí ẹ̀gbọ́n òun fi kòkòrò alárán náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí òun ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, òun sì fẹ́ fi hàn àwọn obìnrin àsálátù òun.

Òjò ọdún náà rọ̀ dáadáa títí wọ oṣù kẹsàn-án. Odi dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, Hassanat wà nílé ìdáná, ó ń din kósé, àkàrà àwọn Hausa, nígbà tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà nínú mọ́sáláṣí.

“Àṣàkẹ́. Wá. Rọra rìn o.”

Ó pa iná, ó mú fóònù. Abdulazeez lóṣòó sídìí yákùwà, agbòòrùn lọ́wọ́, ó fi bo igi kékeré náà kí omi orí gúáfà má bàa kán sí i. Ìrẹ̀ kan wà lórí ẹ̀ka, ó ń bọ́ awọ. Ààbọ̀ ara rẹ̀ ti jáde, ó funfun, ó tutù, ojú rẹ̀ méjèèjì dúdú bí bọ́tìnnì bàtà. Hassanat kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó sún fóònù lọ, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ka náà ń mì.

“Alhaji, ẹ yéé mí sí i lára.”

“Ṣé kí n má mí mọ́ ni?”

“Ẹ séèémí díẹ̀.”

Abdulazeez sé e. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Hassanat wo ìrẹ̀, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín gbé e, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, fọ́tò náà sì rí bàìbàì. Ó yà á lẹ́ẹ̀kejì, ó yà á lẹ́ẹ̀kẹta. Òórùn kósé ń bọ̀ láti inú ilé, oòrùn sì ń gorí odi bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìrẹ̀ náà fa ẹsẹ̀ ìkẹyìn yọ, ó dúró sórí awọ àtijọ́ rẹ̀, ó ń gbẹ.